Pọ́ǹpù ọ́ìlì mọ́tò: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bẹ́ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń fi pick-up kó ẹ̀gẹ́ lóko, àtẹ̀yin tẹ́ẹ ní mọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń gùn, tiyín rèé.

Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nínú sọ́ǹpù, ni ọ́ìlì máa ń wà. Tẹ́ẹ bá ti sitáàtì mọ́tò, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló máa yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á fa ọ́ìlì gba inú asẹ́ kékeré kan, á tì í lọ sí fílítà, ibẹ̀ ló ti máa gba àwọn ihò tóóró lọ bá bíárìn, camshaft (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) àti gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Fáàfù kan wà tó ń dá ọ́ìlì padà tí prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ń ti ọ́ìlì, bá ti pọ̀ jù. (Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ò ní pọ́ǹpù yìí o, ńṣe ni irin kan ń ta ọ́ìlì káàkiri inú ẹ̀.)

Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé ọ́ìlì ló kàn dín, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká délé ná. Rárá o! Prẹ́ṣọ̀ ló lọ, bíárìn lè máà rí ọ́ìlì mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó kí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa á, ẹ yọ ọ̀pá géèjì wò. Tó bá dín ẹ fi kún un, àmọ́ tó bá pé tí iná ò sì kú, ẹ má sitáàtì ẹ̀ mọ́, kí wọ́n fà á lọ. Kí mẹkáníìkì tó ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́, ẹ ní kó wọn prẹ́ṣọ̀ ẹ̀, torí sẹ́ńsọ̀ (ohun kékeré tó ń ṣọ́ prẹ́ṣọ̀) tó kú náà lè tan iná yẹn, owó sẹ́ńsọ̀ ò sì tó ti pọ́ǹpù rárá. Mẹkáníìkì tó bá ní kẹ́ẹ kàn yọ gílóòbù iná náà, ẹ wá ẹlòmíì.

Pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ kì í sábà kú, ìdọ̀tí ló ń pa á. Ọ́ìlì tó pẹ́ jù máa ń di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí asẹ́, torí ẹ̀ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà pọ̀ ní nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Irú tí ìwé mọ́tò sọ ni kẹ́ẹ rà, tó bá ní 5W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 20W-50 tàn yín pé ó ki jù ú lọ. Ẹ tún ṣọ́ wọn tí wọ́n bá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ sọ́ǹpù, èyí tó bá pọ̀ jù á já sínú, asẹ́ náà ló ń lọ dí. Tó bá sì di pọ́ǹpù tuntun, kí wọ́n rọ ọ́ìlì sínú ẹ̀ kí wọ́n tó dè é, kó má baà yí ní gbígbẹ nígbà àkọ́kọ́.