Bí a ṣe lè mọ Mussorgsky láti ẹnu àwọn tó bá a gbáyé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ ojú Modest Mussorgsky, ará Rọ́ṣíà tó ń kọ orin, kí wọ́n tó gbọ́ orin rẹ̀: irun wúruwùru, imú pípọ́n, aṣọ ilé lọ́rùn. Ilya Repin ló ya àwòrán yẹn ní oṣù kẹta 1881, nílé ìwòsàn àwọn ológun ní Saint Petersburg, nígbà tí ikú rẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Àwòrán ńlá ni, àánú rẹ̀ a máa ṣe mí. Síbẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ti pàdé rẹ̀ tipẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Alexander Borodin, dókítà tó tún ń kọ orin, rí i ní 1856 níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ológun. Ọmọ ọdún 17 ni Mussorgsky, ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ológun. Borodin ní aṣọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni, ó fi ìpara sí irun, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn obìnrin a sì máa yí i ká bó bá jókòó ti dùrù. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Repin. Ọdún 25 ló wà láàárín wọn.

Ẹ wá mú ìwé kan, kí ẹ kọ ọdún tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n àti ọdún tó ròyìn rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú ni Borodin kọ tirẹ̀, nítorí pé Vladimir Stasov, alámèyítọ́ orin tó fẹ́ràn olóògbé náà gidigidi, ń kó ìtàn rẹ̀ jọ. Ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn.

Nikolai Rimsky-Korsakov, tí òun náà ń kọ orin, ló le jù láti gbọ́. Ní 1871 òun àti Mussorgsky jọ gbé inú yàrá kan, dùrù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Mussorgsky a máa lò ó láàárọ̀ títí di ọ̀sán, èkejì a máa da orin kọ. Tó bá di ọ̀sán, Mussorgsky a lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, dùrù a wá di ti Rimsky. Ta ló lè mọ èyí bí kò ṣe ẹni tí wọ́n jọ sùn, jọ jí? Ẹ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà gbà pé àṣìṣe pọ̀ nínú orin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló tún ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọ, ó sì gbé àtúnkọ tirẹ̀ fún *Boris Godunov*, eré olórin (ọ́pẹ́rà) tí Mussorgsky kọ nípa ọba Rọ́ṣíà kan, jáde ní 1896. Nítorí náà, ohun tí ojú ẹlẹ́rìí rí yàtọ̀ sí ohun tí ọkàn rẹ̀ rò. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ náà. Kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà ìgbà yẹn fi ọjọ́ 12 wà lẹ́yìn tiwa. Lórí kàlẹ́ńdà yẹn, 16 oṣù kẹta ni Mussorgsky pè ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ló sì kú. Ṣùgbọ́n 9 oṣù kẹta 1839 ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi Boris jọba, ti Rimsky ṣáájú, kí ẹ tó gbọ́ èyí tí Mussorgsky fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ti Rimsky ń dán yanran. Nínú ti Mussorgsky, agogo tó ń dún níbẹ̀ wúwo, ó sì ṣókùnkùn.