Ẹ Lé Oòrùn Kúrò Kẹ́ Ẹ Tó Tan AC: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Sùn Nínú Bọ́ọ̀sì Ilé Lóko

Kọ̀mpírésọ̀ méjì, ìyẹn ẹ̀rọ inú AC tó ń ti gáàsì ẹ̀ yí po, ló jó mọ́ ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ kòkó lọ́wọ́ láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, bọ́ọ̀sì kan náà, AC orí rẹ̀ kan náà, owó tó yẹ ká fi ra oògùn kòkó ló bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n kọ ìwé yìí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀, ẹ mọ gbogbo ìyẹn jù mí lọ. Nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń ṣe tó ń jẹ wá lówó ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tí ò bá tíì rí bọ́ọ̀sì ilé rí, bọ́ọ̀sì tó ní bẹ́ẹ̀dì ni, ó ní kíṣìnì kékeré, ó ní ilé ìtọ̀, AC wà lórí òrùlé ẹ̀. Òyìnbó ń fi gbafẹ́ kiri, àwa ń fi sùn lóko lọ́nà Ọ̀dà àti Ìdànrè lásìkò kòkó kéèyàn má baà máa pààrà Àkúrẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn kan ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, àwọn kan yọ àga inú Coaster dànù wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. Lójú oòrùn ìkan náà ni gbogbo wọn, páànù àti gíláàsì ni.

Ohun tí mò ń rí

Ẹ ó gbé bọ́ọ̀sì sójú oòrùn láti àárọ̀, ẹ ó ti gbogbo fèrèsé pa, ẹ ò ní fi nǹkan kan bo gíláàsì, ẹ ó wá bọ́ sóko. Ó di aago méjì ọ̀sán kẹ́ ẹ tó padà dé, ẹ ṣílẹ̀kùn, ooru gbá yín lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò ẹ̀wà lórí iná, lẹ bá sáré tan AC, ẹ gbé e dé ìparí, ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀, ẹ wá ń bú ẹni tó tà á fún yín. Wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣì ń làágùn. AC ọ̀hún ò sì sinmi látìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án, kò ní sinmi títí ilẹ̀ á fi ṣú.

AC kì í ṣe idán o. Èyí tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, ó máa fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ mọ́ra, á yọ ooru tó nǹkan bíi 9 sí 12 degree kúrò nínú ẹ̀, á tú u padà sínú ọkọ̀, ó parí. Tí inú ọkọ̀ bá jẹ́ 30 degree, èyí tó ń fẹ́ lù yín á wà ní bíi 18 sí 21, ara á tù yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè fi 20 degree gbóná ju ìta lọ kó tó tó wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká ní ó ti di 48 nínú ẹ̀, ẹ yọ 12 kúrò, 36 ló kù, ìyẹn gbóná tó ọ̀sán Àkúrẹ́ fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni mátírẹ́ẹ̀sì, pákó ara kọ́bọ́ọ̀dù, irin ara ọkọ̀, gbogbo wọn ti mu ooru yó, wọ́n á máa pọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sán dalẹ́. Ẹ ò rí i pé bí ìgbà téèyàn ń gbọ́n omi kúrò nínú agbada tí ẹlòmíì ń bu omi sí i ni.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ní kí n yé dààmú àwọn, pé AC ńlá làwọn fẹ́ rà. Mo ní Bàbá, ẹ má bínú, AC ńlá á kàn jẹ epo yín kíákíá ni, òrùlé yẹn la máa kọ́kọ́ bò. Wọ́n dákẹ́, wọn ò tíì bò ó títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Kẹ́ ẹ tó bọ́ sóko láàárọ̀

Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, oòrùn máa ń wà lókè orí wa gangan ní Àkúrẹ́ níbi, tó bá ti ń lọ sí aago kan ọ̀sán, òjìji yín ò ní ju abẹ́ ẹsẹ̀ yín lọ. Ìyẹn ni pé òrùlé ló ń jìyà jù, àwọn tó bá sì gbìyànjú nínú yín, fèrèsé nìkan ni wọ́n ń fi kọ́tìnì dí. Tàpólì tẹ́ ẹ fi ń sá kòkó, ẹ wá aláwọ̀ funfun tàbí ti fàdákà, ẹ ta á sókè òrùlé pẹ̀lú igi tàbí okùn kó fi ó kéré tán 15 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí páànù kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá láàárín wọn. Ẹ má tẹ́ ẹ lé páànù lórí. Kẹ́ ẹ sì má fi bo AC mọ́lẹ̀, ibi tí AC wà ẹ ṣí i sílẹ̀, 60 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún lósì níwájú lẹ́yìn, òkè ẹ̀ náà ní ṣíṣí, nítorí ibẹ̀ ló ti ń tu ooru dànù. Mo bá ẹnìkan tó fi ọ̀rá wé AC tiẹ̀ yíká, ó ní kí eruku má wọ̀ ọ́, ó sì tàn án báyẹn! Ọ̀kan nínú kọ̀mpírésọ̀ méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń pákì, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ìlà oòrùn, ìdí ẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó gùn tí fèrèsé pọ̀ lára ẹ̀ á bọ́ sí àríwá àti gúúsù, oòrùn ò ní ráyè wọ̀ ọ́ tààrà lásìkò yìí. Gíláàsì iwájú ló máa gba oòrùn àárọ̀, ẹ bò ó. Ìbòrí fàdákà tí wọ́n ń tà fún mọ́tò dáa, ẹni tí ò bá rówó ẹ̀, kó gé páálí kó fi fóìlì wé e, kí ibi tó ń dán kọjú síta. Ìta gíláàsì lẹ ó ti gbé e sí o, kì í ṣe inú. Oòrùn tó bá ti gba gíláàsì kọjá ti wọlé tán.

Ìboji igi dáa ju gbogbo tàpólì lọ, ẹ lo mángòrò tẹ́ ẹ bá rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wòkè kẹ́ ẹ tó dúró, òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń wá pẹ̀lú ìjì yẹn, ẹ̀ka gbígbẹ ló kọ́kọ́ máa ń já. Abẹ́ àgbọn, rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ìdànrè, ẹ yé pákì sórí àpáta nítorí pé ojú ibẹ̀ tẹ́jú tí kò sí ẹrọ̀fọ̀, àpáta yẹn á mu oòrùn láti àárọ̀, á wá máa tú u sábẹ́ ọkọ̀ yín di òru, ẹ lọ sórí koríko.

Tẹ́ ẹ bá padà dé tó sì ti gbóná, ẹ má tíì fọwọ́ kan AC. Ẹ ṣí ihò òrùlé, ẹ ṣí fèrèsé tó wà nísàlẹ̀ lápá ibi tí ìboji wà, ẹ tan fáànù ihò òrùlé tó bá ní, ìṣẹ́jú 15. Ooru máa ń gun òkè, ẹ jẹ́ kó jáde lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ti gbogbo ẹ̀ pa, ẹ tan AC, kẹ́ ẹ sì jókòó síbi kan, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa wọlé kẹ́ ẹ máa jáde bíi adìyẹ tó ń wá ibi yé. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan máa wà nínú ọkọ̀ látàárọ̀, kó tàn án láago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì tutù, ìyẹn rọrùn fún un ju kó máa lé ooru ọ̀sán lọ.

Ìdáná nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ojú gáàsì kan tẹ́ ẹ bá ṣí dáadáa lè tú ooru tó 2 sí 3 kilowatt sílẹ̀. AC 1HP, ìyẹn 9,000 BTU (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tí AC ń gbé jáde ní wákàtí kan), gbogbo ooru tó lè gbé jáde ò ju nǹkan bíi 2.6 kilowatt lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹ rokà níta, ẹ se ẹ̀wà níta, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ máa ń sè Indomie lóru ẹ̀yin náà ẹ bọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ iná

Tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 volt ni AC orí ẹ̀ ń lò. Iná tiwa 230 ni. Ẹ rí súkẹ́ẹ̀tì, ẹ gé orí wáyà, ẹ fi orí tiwa sí i, ẹ tì í bọ̀ ọ́, èéfín yọ, ẹ ní ayé ló ń ṣe yín. Transformer tó ń já iná wálẹ̀ sí 120 wà, kó lè gbé ó kéré tán 3,000 watt, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ò parí ẹ̀ nítorí iná tiwọn 60 Hz ni (iye ìgbà tí iná ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa 50, mọ́tò á máa yí lọ́ra, á máa gbóná. Tó bá jẹ́ tèmi, ẹ yọ ti Amẹ́ríkà yẹn dànù, ẹ fi AC 230 volt onínverter, èyí tó lè dín eré mọ́tò ẹ̀ kù fúnra ẹ̀, sí i, 1HP fún bọ́ọ̀sì kékeré tẹ́ ẹ bò dáadáa, 1.5HP fún èyí tó gùn ju mítà 7 lọ. Èyí tó bá ti Jámánì tàbí ibòmíì ní Yúróòpù wá, 230 volt náà ni tiwọn, ẹ máa lò ó lọ.

Jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé AC òrùlé, ẹ yé fipá mú un. Kò ju 950 watt lọ, AC orí òrùlé tó jẹ́ 13,500 BTU ń jẹ 1,300 sí 1,600 watt tó bá ti ń lọ, nígbà tó bá fẹ́ ta, ó lè fẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kẹ́ ẹ má sì so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Wáyà tẹ́ ẹ máa fi fà á, 2.5mm, kó má ju mítà 20 lọ, kẹ́ ẹ tú u kúrò lára róòlù pátápátá kẹ́ ẹ tó lò ó. Wáyà tín-ín-rín tẹ́ ẹ fi ń so gílóòbù níbi ìnáwó yẹn kì í ṣe wáyà.

Tí iná ìjọba bá wà, ẹ wo mítà volt. Tó bá wálẹ̀ ju 200 lọ ẹ pa AC, ẹ má ní ó ṣì ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá pa á, tàbí tí iná bá lọ tó dé, ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó tún tàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe kẹ́ ẹ kà dé márùn-ún. Kọ̀mpírésọ̀ kejì, ohun tó pa á nìyẹn, wọ́n pa á wọ́n tàn án bíi ìgbà mẹ́fà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan torí pé iná ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bátìrì: AC 1,200 watt lórí bátìrì 12 volt máa fa amp tó ju 100 lọ. Bátìrì olómi 200Ah (ìyẹn amp 200 fún wákàtí kan), ìdajì ẹ̀ lẹ lè lò kó má baà kú, torí náà kò ní tó wákàtí kan. Ẹ fi bátìrì tan fáànù lóru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pariwo síbí. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ tàpólì, kò gbọdọ̀ wà nídìí fèrèsé kódà kí òjò máa rọ̀. Mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu ṣọ́ńṣò èéfín ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Èéfín tó ń pani nínú ẹ̀, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fèrèsé pa nítorí AC lẹ máa kọ́kọ́ fà á sínú. Ọ̀kan nínú wa jí lóru pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ó ń bì, ó rò pé ibà ni, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó jáde síta láti bì. Ẹ ra alámù carbon monoxide, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀ wò lóṣooṣù.

Èyí tó kù

Fílítà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lásìkò ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi àti ọṣẹ, ẹ sá a síbòòji, ó gbọ́dọ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Tẹ́ ẹ bá rí yìnyín lára AC, fílítà ló sábà máa ń jẹ́, ẹ fi í sí fáànù nìkan títí á fi yọ́.

Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé gáàsì AC yín ti tán kó rọ ọ́, ẹ bi í pé ibo ló gbà lọ. Gáàsì AC kì í jó bíi epo pẹtiróòlù, inú páìpù ló ń yí po, tó bá dín ibì kan ló ń jò, kó kọ́kọ́ wá ibẹ̀ kó lẹ̀ ẹ́. Èmi náà ti sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan rí, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Fáànù olómi tí wọ́n ń pè ní air cooler máa ń tuni lára nígbà ọyẹ́ torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé, ọ̀rinrin lásán ló máa fi kún tiyín.

Ẹ má ti ọmọdé tàbí àpótí òròmọdìyẹ mọ́ inú ọkọ̀ nítorí pé AC ń ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ lè kú nígbà tẹ́ ẹ wà lókè oko, ẹ ò ní gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá AC yín yè, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tú ooru jáde, ẹ fi tẹmómítà sí ibi tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tó ń fẹ́ jáde. Tí àárín wọn bá tó 9 degree, AC yín ò ní àrùn kankan, ẹ padà lọ bo òrùlé. Tí kò bá tó, ẹ fọ fílítà kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Tẹmómítà méjì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó bá yá a kó dá a padà lọ́jọ́ kejì, èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan látọjọ́ kòkó tó kọjá, ó mọ ara ẹ̀.