Yunifásítì méjì fún yín ní Law: bẹ́ ẹ ṣe máa mú ọ̀kan

Ẹ̀yin àbúrò mi àtẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà n'Ífẹ̀ níbí, ẹ kú oríire o. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé OAU ti fún ọmọ ní Law, yunifásítì aládàáni kan náà ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, èwo ni káwọn mú? Ọ̀pọ̀ èèyàn ti mú OAU kí wọ́n tó ronú rárá, torí ilé ni, wọ́n sì ti ń kọ́ Law níbẹ̀ látọdún 1962. Ẹ jẹ́ ká gbé orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Law School lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Dígírì nìkan ò lè sọ yín di lọ́yà, tẹ́ ẹ bá lo ọdún 5 tán ní yunifásítì (4 fún Direct Entry, ìyẹn àwọn tó wọlé tààrà sí ọdún kejì), ẹ ṣì máa lọ sí Nigerian Law School, bóyá ní Bwari ni o, bóyá l'Ékòó tàbí Enugu, kí wọ́n tó pè yín sí Bar. Council of Legal Education ló ń fọwọ́ sí fákọ́tì, àwọn náà ló ń fún kálukú ní kóótà, ìyẹn iye ọmọ tó lè rán wá lọ́dún kan. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Yunifásítì tó bá gba ọmọ ju kóótà ẹ̀ lọ, ńṣe làwọn tó ṣẹ́ kù á jókòó sílé máa dúró, ẹgbẹ́ wọn á ti máa wọ wíìgì, ó máa ń dùn mí gan-an. Àwọn tó ka Law ní NOUN, yunifásítì ìjọba téèyàn ti lè kàwé látilé, ọ̀pọ̀ ọdún ni Law School ò fi gbà wọ́n, àfìgbà tí wọ́n tún òfin NOUN ṣe lọ́dún 2018. Torí náà, ẹ wá àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ṣé gbogbo yín lẹ ti wọ Law School? Ìdáhùn wọn ni kẹ́ ẹ gbọ́, kì í ṣe ti ọ́fíìsì àdìmíṣọ̀n.

Ẹ wá ṣírò owó dé òpin, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Owó Law School, súùtù dúdú, ìwé, gbogbo ẹ̀ ń bẹ níwájú. Owó tí NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń yáni ò kan yunifásítì aládàáni. Tówó yín bá máa tán lọ́dún kẹta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí kì í rọrùn láti kó lọ síbòmíì láàárín ọ̀nà.

Ti ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Lóòótọ́ ni, lọ́dún 2022 oṣù 8 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba, fi wà nílé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, oṣù 8 kò tó ìdí láti jẹ gbèsè ọdún 5.

Ẹ dé ọgbà yẹn fúnra yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́kíṣọ̀, kẹ́ ẹ wo láíbìrì. Ẹni tó gba ti UNIOSUN, Ifẹ̀tẹ̀dó ni Law wọn wà o, lọ́nà Oǹdó wa níbí, kì í ṣe Òṣogbo, kẹ́ ẹ má lọ gba ilé síbi tí ò yẹ.

Tẹ́ ẹ bá pinnu tán, ẹ wọ CAPS lórí JAMB, ibi tẹ́ ẹ ti máa gba àdìmíṣọ̀n tàbí kọ̀ ọ́. Ẹyọ kan lẹ lè gbà, èyí tẹ́ ẹ bá sì tẹ Reject fún, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé e fún. Tó bá jẹ́ ti aládàáni lẹ mú, ẹ rí i pé orúkọ yín ti bọ́ sọ́dọ̀ wọn lórí CAPS kẹ́ ẹ tó sanwó kankan, torí àdìmíṣọ̀n tí ò bá sí níbẹ̀, JAMB ò kà á sí, á sì dí yín lọ́wọ́ tó bá kan NYSC. Kẹ́ ẹ wá tẹ Accept, ẹ prínt lẹ́tà JAMB, ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì-mẹ́ta, wọ́n máa bèèrè ẹ̀ nígbà kílíáránsì.