Adìẹ nínú àgbàlá, aládùúgbò lẹ́yìn ògiri: ìtọ́sọ́nà fún àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ní Ouando títí dé Attakè, ilé fara ti ilé ni a ń gbé. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nítorí adìẹ, adìẹ fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń fà á, ohun tó gba orí ògiri kọjá ni: ohùn, òórùn, eṣinṣin, àti adìẹ tó fò lọ sí ọgbà ẹlòmíì. Ẹni tó bá ká mẹ́rin yìí mọ́ inú àgbàlá tirẹ̀, wàhálà rẹ̀ kò ní pọ̀.

Ta ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀?

Bí ẹ bá ń háyà ilé, onílé ni. Bó bá jẹ́ agboolé, ẹ sọ fún baálé lójú àwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ẹni tí a ń pè ní chef quartier, kí ẹ bi í nípa àṣẹ tí kọmúùnù fi síta lórí ẹran ọ̀sìn tó ń rìn kiri. Àṣẹ yìí máa ń yàtọ̀ láti kọmúùnù sí kọmúùnù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò lè gbà yín sílẹ̀ níbí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ìmọ́tótó orílẹ̀-èdè Benin wà, òun sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó gbára lé bí wọ́n bá wá yẹ ilé wò.

Ọ̀rọ̀ àkùkọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kò bá sí àkùkọ, adìẹ kò ní yé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbébọ̀ a máa yé láìfojú kan àkùkọ rí; ẹyin yẹn ni kò ní di ọmọ. Tó bá jẹ́ pé ẹyin jíjẹ àti títà ni ẹ ń wá, kí lẹ fẹ́ fi ẹni tó ń jí gbogbo àdúgbò ní aago mẹ́rin òru ṣe? Bí ẹ bá fẹ́ òròmọdìẹ, ẹ ra ẹyin lọ́wọ́ ẹni tó ní àkùkọ lẹ́yìn ìlú, kí ẹ fi sábẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ọjọ́ 21 ni yóò fi pa á. Àwọn àgbà tó gbà pé àkùkọ ni aago wọn yóò bínú sí mi níbí, ṣùgbọ́n fóònù ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé adìẹ àti ìgbẹ́ rẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sin adìẹ, mo kó mẹ́sàn-án sínú ilé tó yẹ mẹ́rin. Wọ́n ń ṣá ara wọn lẹ́nu, òórùn sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́yìn ògiri wa kò pariwo. Ó kàn gbé àwo àkàrà kan wá, eṣinṣin bò ó bí ìyere. Ó ní, “Ọmọ mi, wo ohun tí adìẹ rẹ fi ránṣẹ́ sí mi.” Ojú tì mí ju bí ẹni tó bú mi lọ.

Àyè tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, gba adìẹ mẹ́rin sí márùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ kan ń ya ìgbẹ́ tó bí ìwọ̀n giráàmù 100 lójúmọ́. Adìẹ mẹ́fà á ya tó kílò mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìgbà ooru, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni ẹyin eṣinṣin ń di eṣinṣin tó ń fò. Torí náà, ẹni tó bá gbá ilé adìẹ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ti gbá ìdin lọ kó tó hu ìyẹ́. Ẹ da èérún pákó gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà sílẹ̀, kí òjò má sì rọ̀ sí i: ibi tó tutù ni òórùn ti ń wá. Ẹ má da ìgbẹ́ náà sínú gọ́tà tàbí ọ̀sà. Ẹ pò ó mọ́ koríko, kó jẹrà títí òórùn fi tán, nítorí ìgbẹ́ tútù ń jó ewébẹ̀. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ gbọ́mà yóò wá tọrọ rẹ̀.

Òwe ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kò tilẹ̀ ń làágùn rárá. Ẹnu ló ń yà sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹ. Ẹ ṣe ìbòòji fún un, kí omi tútù má tán níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án.

Kó má baà fò

Lálẹ́ ni kí ẹ mú un, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ẹ na ìyẹ́ apá kan ṣoṣo, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé àwọn ìyẹ́ gígùn mẹ́wàá tó wà létí, kò ní dùn ún. Apá kejì kí ó wà bó ṣe wà: bó bá gbìyànjú àtifò, yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú igi rẹ̀ kò ṣeé gé. Bó bá pa ìyẹ́ dà, tuntun yóò hù, ẹ ó sì tún un gé. Ẹ so àkísà aláwọ̀ kan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé tiyín ni.

Bó bá tún já lọ jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò, ẹ san owó ẹ̀fọ́ kí ó tó bèèrè. “Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin” ni ìjà irú èyí máa ń dà bí ẹ bá jẹ́ kí aládùúgbò fi ìbínú sùn.

Àrùn

Lúkúlúkú, àrùn tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle, ló ń pa adìẹ ilé jù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kò ní oògùn; abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí èyí tí wọ́n ń kán sójú nìkan ló ń dènà rẹ̀, a sì ń tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ jọ ṣe é pẹ̀lú àwọn tó yí yín ká, nítorí adìẹ ilé kejì tí wọn kò kán yóò kó o wálé.

Àrùn òtútù ẹyẹ tún wà, tó dé Adjarra ní 2007, tó sì padà sí gúúsù Benin ní 2021. Ó lè ran èèyàn. Bí adìẹ méjì tàbí mẹ́ta bá kú lójijì láàárín ọjọ́ kan, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á ní ọjà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ yín, ẹ bo òkú rẹ̀, kí ẹ pe oníṣègùn ẹran àti olórí àdúgbò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù títí wọn yóò fi dé.