Òyà Ìdànrè àti ẹja àrọ̀ Ìlàjẹ: bí mo ṣe sè wọ́n fún ìyá ọkọ mi

Nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé sí ilé wa ní Àkúrẹ́ láti oko kòkó wọn ní Ìdànrè. Ọ̀kadà ò tíì dúró dáadáa tí mo ti rí ìrù òyà tó yọ lẹ́nu àpò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gba èyí. Màmá ń bọ̀ lọ́la, má fi ẹran inú yìnyín ṣe wọ́n lálejò o."

Inú mi dùn gan-an. Láti ìgbà tí ara Màmá ti le tán, ẹnu wọn ò tíì gba oúnjẹ, ẹran ìgbẹ́ sì ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Àmọ́ eyín wọn ò pọ̀ mọ́. Ẹran yìí gbọ́dọ̀ rọ̀.

Mo bi Bùrọ̀dá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ pa á?" Ooru oṣù Ẹrẹ́nà kì í dúró de ẹran. Bí ìfun bá pẹ́ nínú rẹ̀, kó tó dalẹ́ ó ti ń rùn. Wọ́n ní ọ̀sán ni, àti pé ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti la inú rẹ̀, tí wọ́n kó ìfun dànù. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mo wo ojú ìbọn ní èjìká rẹ̀. Mo máa ń wá ojú ọgbẹ́ lára ẹran ìgbẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá ní ojú ìbọn, tí kò ní àpá pàkúté, mi ò ní rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí àwọn kan wà tó ń fi oògùn kòkòrò pa ẹran. Wọ́n tún ń da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sódò láti fi pa ẹja. Kò sí bá a ṣe fẹ́ se é tí oògùn yẹn á fi kúrò.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Àwọn ará àdúgbò máa ń wò mí bí ẹni tó ń ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Òǹdó la wà. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, ń pa èèyàn níbí lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ló sì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ lára àwọn tó bá mú. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kékeré kan tó máa ń wọ ilé àti ahéré ni àrùn náà wà. Òyà kì í ṣe eku yẹn, àmọ́ àpò tí wọ́n fi dì í, ilẹ̀ ahéré ló ti sùn mọ́jú. Mo sun àpò náà.

Bùrọ̀dá fúnra wọn ló dá iná igi lẹ́yìnkùlé. A ò fi táyà wì í o. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi táyà wì ewúrẹ́, èéfín dúdú yẹn ń wọ inú awọ lọ, àwa la ó sì jẹ ẹ́. Igi gbígbẹ ni. Wọ́n ń yí òyà náà lórí iná, mo ń fi ọ̀bẹ há irun tó ti jó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ awọ rẹ̀ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí dúdú fi kúrò tí awọ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àkàrà tó jiná. Bí awọ ò bá tíì pọ́n báyẹn, fífọ̀ ò tíì tán nìyẹn.

Ibi tí mo ti máa ń mí díẹ̀díẹ̀ ni ibi òróòro. Ó kéré, ó láwọ̀ ewé, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ bí ìgbà tí wọ́n rán an mọ́ ọn. Lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó, ọ̀bẹ mi kan án, ó bẹ́, gbogbo ìkòkò náà korò, a dà á nù pátápátá. Báyìí, mi ò kí ń gbìyànjú láti já a. Mo gé e pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ díẹ̀ yí i ká, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ jù.

Ní èjìká, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo fi ìka wá ọta. Mẹ́rin ni mo rí, kékeré bí ìyèré. Òjé ni, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, nítorí náà mo gé gbogbo ẹran tó dúdú yí ojú ìbọn ká kúrò. Bùrọ̀dá ní mo fi ẹran ṣòfò. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun nílé yìí. Wọ́n dákẹ́.

Mo gé ẹran náà sí méjì. Ìdá kan lọ sórí àwọ̀n lókè èédú fún yíyan. Èkejì ni mo gbé kaná pẹ̀lú alùbọ́sà, atalẹ̀, ìyèré, iyọ̀ díẹ̀. Mi ò bu omi sí i lákọ̀ọ́kọ́. Mo dé e kó fi omi ara rẹ̀ gbóná, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó bu omi, mo wá dín iná kù. Wákàtí méjì gbáko. Mo fi fọ́ọ̀kì gún itan rẹ̀, ó wọlé wọ̀ọ̀ láìjà, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú omi tó jáde. Mágí ò tó ẹyọ kan tí mo fi sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá kan ládùúgbò wa, ará Ìlàjẹ, gbé ẹja àrọ̀ méjì wá nínú garawa, tí wọ́n ṣì ń fò. Àrọ̀ lè mí láìsí nínú omi fún wákàtí púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e láti Ìlàjẹ dé Àkúrẹ́ láàyè. Ìyá náà ní, "Ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀." Òótọ́ ni, ẹ̀gún náà ti gún mi rí, ọwọ́ mi wú fọ́jọ́ méjì. Wọ́n fi ọmọ odó lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Omi gbígbóná, kì í ṣe èyí tó ń hó, ni a dà sí i lára. Ìyọ̀ ara rẹ̀ dì funfun, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há a. Mo fa ohun pupa tó fi ń mí yọ lábẹ́ orí, mo kó inú rẹ̀, mo tún yẹra fún òróòro. Lẹ́yìn náà, mo gé e, mo fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ata ti ń hó kí n tó gbé ẹja sínú rẹ̀. Ìyá náà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi: "Má rò ó! Gbọn ìkòkò." Mo gbọn ọ́n. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí mo fi já ẹ̀fínrín sí i, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó fọ́.

Òyà lọ sínú ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ pẹ̀lú irú. Ọkọ mi gún iyán.

Màmá kọ́kọ́ tọ́ omi ẹja wò. Wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n gbé itan òyà kan, wọ́n fi ìka méjì fà á, ó já kúrò lára egungun. Wọ́n bù díẹ̀ fún àbíkẹ́yìn mi tó jókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá iyán ṣì kù.