Kọ̀ǹpútà géèmù mi tó ń kú tó ń jí, àti power pack tí wọ́n kọ 700W sí lára

Owó tí mo ti san fún àwọn tó ní àwọn máa tún kọ̀ǹpútà yìí ṣe, tí mo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó nǹkan tó padà yanjú ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Tí kì í bá ṣe pé ó ń dùn mí ni, mi ò ní jókòó máa kọ nǹkan kan nípa power pack, àpótí inú kọ̀ǹpútà tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀.

Ẹnì kan ló to sísítẹ̀mù náà fún mi n'Íbàdàn níbí. CPU (ọpọlọ ẹ̀) jẹ́ Ryzen 5 5600, RAM 16GB, SSD 1TB tí fáìlì ń wà, káàdì RTX 3060 Ti tòkunbọ̀ tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, owó gidi ni mo kó lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ iṣẹ́ lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ̀ ń wo fíìmù, ó lè wà ní títàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní yọ yín lẹ́nu rárá. Àmọ́ ẹ ṣí GTA 5, ẹ wọ mọ́tò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, páà! Ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn, fáànù á dákẹ́, tó bá ṣe díẹ̀ á tún tan ara ẹ̀ padà. Kò ní kọ nǹkan kan sójú, kò sí blue screen, kò sí ìkìlọ̀ kankan.

Ooru ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ pè é. Mo gbé HWiNFO, ètò tó ń wọn ooru, sí i, káàdì ò ju nǹkan bíi 70°C lọ kó tó kú, CPU náà ò sún mọ́ ibi tó ti ń gbóná jù, torí náà mo fi ọ̀rọ̀ ooru sílẹ̀. Mo wọ ibi tí Windows ti máa ń rístáàtì ara ẹ̀ tó bá ṣàṣìṣe, mo yọ máàkì tó wà níwájú Automatically restart, kó lè dúró kí n ka ohun tó bá kọ. Kò dúró o, ó ṣì ń kú ó ń jí. Ìgbà yẹn ni mo wo Event Viewer, ibi tí Windows ti ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, mo rí Kernel-Power, nọ́ńbà 41, tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà tún tan láìjẹ́ pé wọ́n pa á dáadáa, mo ṣí Details ẹ̀, BugcheckCode jẹ́ 0. Ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀ pé 0 yẹn túmọ̀ sí pé Windows fúnra ẹ̀ ò rí àṣìṣe kankan kọ sílẹ̀, àfi bí ìgbà tí èèyàn kàn fa wáyà yọ lára ògiri. Látìgbà yẹn ni mo ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ iná inú ẹ̀ nìyí. Ta ló dá mi lóhùn?

Ẹnjiníà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Windows yín ló ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀." Mo ní ẹ̀gbọ́n, Windows kọ́ o, ẹ wo 41 yìí. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní kí n fi sílẹ̀ kí n padà wá. Ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀ lóòótọ́, ó gbowó iṣẹ́, gbogbo géèmù tí mo fi dátà olówó gọbọi dáńlóòdù sì wọgbó. Mo délé, mo tún fi dátà wá GTA, mo wọ mọ́tò, páà.

Èkejì ní RAM ni. Mi ò bá a jiyàn, mo kàn gbé MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sórí flash, mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lóru. Wọ́n múná lọ láàárín, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò rí ayé mi. Nígbà tó parí, kò rí àṣìṣe kan ṣoṣo. Mo fi fótò ẹ̀ han ọ̀gá, wọ́n ní "tẹ́sìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì" làwọn ò gbà gbọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló wá sọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù ti kú, pé òun ní òmíì tó mọ́ tónítóní, owó tó dá lé e tó èyí tí mo fi ra káàdì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó bí mi nínú jù, torí ibẹ̀ gan-an ni ìyà yìí wà. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó fẹ́ ta géèmù lórí ẹ̀! Wọ́n á so ó mọ́ iná, á tàn, wọ́n á ṣí Chrome, wọ́n á wo fídíò kan, wọ́n á wá yíjú sí mi pé, "Ọ̀gá mi, ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀! Kí lẹ ní ó ń ṣe?" Màá ní ẹ ṣí géèmù ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á ní àwọn ò ní àyè ìyẹn, tàbí pé gẹ́ẹ̀nì kékeré tí àwọn àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ jọ ń pín ò lè gbé e, tàbí pé kí n lọ wò ó délé tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí n gbé e padà wá. Gbígbé e padà wá yẹn, ọ̀kadà ò lè gbé e, mọ́tò ni mo máa ń háyà. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, mo bá kó FurMark àti OCCT, ètò méjì tó ń fi iṣẹ́ líle dán kọ̀ǹpútà wò, sórí flash, mo lọ bá ẹni tó ń pariwo mọ́dábọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí iná wà, mo fi FurMark sí i lójú ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò pé. Páà! Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní èmi ni mo pa á, pé mo gbé nǹkan tó wúwo lé e lórí. Kọ̀ǹpútà géèmù rèé o, kí ló fẹ́ kó máa gbé?

Mo gbé ẹrù mi kúrò níbẹ̀. Nílé, mo fi ètò kan tó ń jẹ́ MSI Afterburner fa power limit káàdì náà (ìwọ̀n iná tó lè jẹ) wálẹ̀ sí 60%, mo ṣí GTA. Mo wakọ̀ káàkiri gbogbo Los Santos títí ojú fi ń ta mí, kò kú. Mo dá a padà sí 100%, ó kú. Mo tún fà á wálẹ̀, ó ṣe dáadáa. Mo fò sókè nínú yàrá, ìyàwó mi ní ṣé kò sí o. Tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti kú, ṣé dídín agbára káàdì kù ló máa jí i dìde ni?

Mo bá ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì. Power pack ọ̀hún, wọ́n kọ 700W gàdàgbà sí i lára. Àmọ́ ẹ má wo lẹ́tà ńlá yẹn o, ẹ wo tábìlì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìlà tí wọ́n kọ +12V sí, torí ibẹ̀ ni CPU àti káàdì ti ń jẹun. Tèmi kọ 30A. 12 lọ́nà 30, 360W nìyẹn, tí òun náà kì í bá ṣe irọ́. RTX 3060 Ti nìkan ń jẹ 200W, Nvidia fúnra wọn ní kéèyàn lo power pack 600W fún un, bẹ́ẹ̀ káàdì yìí máa ń fò kọjá 200W fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín tí géèmù bá ti le. Ìfò yẹn ni power pack ò lè gbà, iná á já, gbogbo ẹ̀ á rístáàtì. Èyí tó tún burú ni pé power pack náà ò ní wáyà 8-pin tó yẹ fún káàdì, ẹni tó tò ó lọ fi àdápítọ̀ fà á látinú Molex, ojú wáyà àtijọ́ tí wọn ò ṣe fún irú káàdì yìí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀. Ẹni tó wá àdápítọ̀ lọ sọ́jà mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn kan tún ní iná ìjọba ni, pé kí n ra sítábíláísà. Ó ń kú lórí iná ìjọba, ó ń kú lórí gẹ́ẹ̀nì, ó ń kú lórí ínfátà, ẹ̀bi wo ni iná ní níbẹ̀?

Mo ra power pack 650W, 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò jù), +12V ẹ̀ jẹ́ 54A, ẹ ṣírò ẹ̀, 648W. Ẹ gbé méjèèjì dání, ọwọ́ yín á sọ fún yín èwo ni ayédèrú. Títú àti títò ò le, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró, àfi pé tí wáyà power pack yín bá jẹ́ èyí tó ṣeé yọ kúrò lára ẹ̀, ẹ má lo wáyà ti àtijọ́ fún tuntun, wọn kì í bára mu, ó lè jó SSD yín. Tí ojú ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná sí lára káàdì bá sì jẹ́ méjì, ẹ fa wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo ínfátà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pure sine wave ni (iná tó ń lọ geere bíi ti ìjọba), torí power pack dáadáa tó ní active PFC (ohun tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) lè kọ̀ láti bá modified sine wave, iná tí kò lọ geere, ṣe, kó tún máa kú, kẹ́ ẹ wá máa bú mi.

Ká ní mo fẹ́ tún un ṣe lónìí, mi ò ní sanwó fọ́ọ̀mátì fẹ́nikẹ́ni tí ò bá tíì rí i kó kú lójú ara ẹ̀. Ìyẹn nìkan ì bá gba owó mi là.

Ẹni tó to sísítẹ̀mù náà fún mi, mo pè é, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní kí n má bínú, pé kí n kó ti àtijọ́ yẹn wá, òun á fún mi ní owó díẹ̀ lórí ẹ̀, pé kọ́sítọ́mà kan wà tí òun lè fi sí sísítẹ̀mù tiẹ̀. Mo ní ó dáa, mò ń bọ̀. Mo mú síṣọ́ọ̀sì, mo gé gbogbo wáyà ẹ̀ mọ́ ọn lára.