Góòlù inú àpótí ìyá yín: ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣe

Lọ́dún tí ìyá mi kú, èmi àti àbúrò mi obìnrin kó yẹtí mẹ́rin, ẹ̀gbà ọrùn kan àti òrùka tó ti dá jáde nínú àpótí rẹ̀ ní Ìsánlú. A gbé wọn lọ bá ẹnì kan tó ń ra góòlù. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó mì wọ́n, ó dá iye kan, a sì gbà. Kò wọ̀n wọ́n, àwa náà kò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí dòní, nítorí ohun tí ó yẹ kí n mọ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ohun tí èèyàn lè kọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Gbogbo àwa ọmọ Okun, láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ni mò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù là ń gbé. Ẹni tó bá mọ apá Yàgbà mọ kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú oko tí wọn kò dí, ó sì mọ bí odò ṣe máa ń pọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fọ yẹ̀pẹ̀ nínú rẹ̀. Góòlù tó wà nínú odidi tọ́ọ̀nù òkúta kan lè má ju gíráàmù mélòó kan lọ. Bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ti wa jáde rí kì í dípẹtà, kì í ṣá. Ẹ yọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, góòlù náà ni. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin góòlù tó ń wọ ọjà àgbáyé lọ́dọọdún fi jẹ́ èyí tí wọ́n tún yọ́ láti ara ohun àtijọ́. Ó wù mí kí tiwa wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe kan wà tó ń sọ iṣẹ́ àtúnlò góòlù yìí di òfò, òmíràn sì ń ba ẹ̀mí jẹ́.

Ẹ má ta góòlù lójú lásán. Ẹ gbé awò sójú, kí ẹ wo òǹtẹ̀ tó wà nínú òrùka tàbí lẹ́yìn ìkọ́ yẹtí. Kárátì ni wọ́n fi ń sọ bí góòlù ṣe mọ́ tó. Bí ẹ bá rí 375, kárátì 9 ni: nínú ìdá 1,000, góòlù jẹ́ 375, bàbà àti fàdákà àti irú wọn ló kún ìyókù. 585 ni kárátì 14, 750 ni kárátì 18, 916 ni kárátì 22. Ẹ̀gbà ọrùn gíráàmù 10 tí 750 wà lára rẹ̀, góòlù gíráàmù 7.5 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye góòlù ọjọ́ náà lórí fóònù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí iye orí àúńsì kan ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, àúńsì góòlù sì jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28.35 tí àúńsì lásán jẹ́. Ẹ fi 31.1 pín in, ẹ ti mọ iye gíráàmù kan góòlù pọ́ńbélé nìyẹn. Ẹni tó ń rà kò ní san gbogbo rẹ̀, torí òun náà yóò yọ́ ọ, yóò sì jèrè. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ máa ná ọjà tí ẹ kò mọ iye rẹ̀.

Kí ó wọ̀n ọ́n lójú yín, kí kárátì kọ̀ọ̀kan dá wà lórí ìwọ̀n. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó da kárátì 22 pọ̀ mọ́ kárátì 9, iye kárátì 9 ni yóò fi san gbogbo rẹ̀.

Òǹtẹ̀ nìkan kò tó o. Bí GP bá wà lára rẹ̀, wọ́n kàn fi góòlù bò ó ni. Òòfà náà kò tó: àwọn èèyàn máa ń ní òòfà kò fà á, góòlù ni. Òòfà kì í fa bàbà, kì í fa idẹ, kì í fa òjé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù tó mọṣẹ́, kí ó fi òkúta àti ásíìdì dán an wò.

Ásíìdì yẹn, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò nìkan ni kó wà. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí fídíò lórí fóònù, níbi tí èèyàn ti ń fi ásíìdì yọ góòlù láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ ṣe é lẹ́yìnkùlé. Òótọ́ ni pé góòlù wà níbẹ̀. Nínú tọ́ọ̀nù fóònù kan, ó lè tó nǹkan bí 300 gíráàmù, ó sì pọ̀ ju ti inú òkúta lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ogún fóònù tí ẹ bá sun kò ní fún yín ní gíráàmù kan pàápàá, àmọ́ èéfín ásíìdì yóò jó ẹ̀dọ̀fóró yín, òjé inú ẹ̀rọ náà yóò sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí adìẹ ti ń jẹ̀, tí ọmọ ti ń rá. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010. Òkúta góòlù tó ní òjé nínú ni wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé, ó sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn ìyá wọn kò mọ̀ pé eruku inú ilé ló ń pa wọ́n. Ẹ má tú fóònù, ẹ má sun wáyà. Ẹ kó o jọ bó ṣe wà, kí ẹ tà á fún àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti kó irú rẹ̀. Òfin ti wà lórí rẹ̀ láti 2011, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló sì ń bójú tó o.

Àṣìṣe mìíràn wà tí kì í hàn sójú. Góòlù tó bá ti yọ́ kò ní ilé mọ́. Ẹnì kan lè ra góòlù inú kòtò, èyí tí wọ́n fi mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, kó jọ, tí wọ́n sì fi iná lé mẹ́kúrì náà sínú afẹ́fẹ́, kó yọ́ ọ mọ́ òrùka àtijọ́ méjì, kó wá máa pe gbogbo rẹ̀ ní góòlù àtúnlò. Nàìjíríà fọwọ́ sí Minamata, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí mẹ́kúrì, lọ́dún 2013, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú lọ́dún 2018, ṣùgbọ́n àdéhùn kò lè dúró lẹ́nu ìléru. Bí ẹ bá fẹ́ ra góòlù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ibi tí ó ti rí i. Alágbẹ̀dẹ tó ń kọ ohun tó rà àti ọjọ́ tó rà á sínú ìwé, òun ni kí ẹ bá ra. Èyí tó bá ń bínú nígbà tí ẹ béèrè, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má sì yára yọ́ nǹkan. Òrùka tó dá ṣeé jó pọ̀. Ohun tí gbogbo ẹbí bá mọ̀ mọ́ ìyá, ẹ pe ẹbí kí iná tó kàn án.

Ẹ̀gbà ọwọ́ kan ló ṣẹ́kù lára ohun ìyá mi, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó, ìyá àgbà gbé e fún wa. Gíráàmù 8 ni, 750 wà nínú ìkọ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, mo jókòó tì í títí tó fi yọ́ ọ, tó fi rọ òrùka méjì, a sì wọ̀n wọ́n. Gíráàmù 7.6. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún tó wà lórí pákó rẹ̀ sínú bébà, ó ká a, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Bébà náà wà nínú àpótí ìyá mi báyìí.